Aláǹtakùn Onírun àti Àpò Ẹyin Rẹ̀

Aláǹtakùn kan wà tí kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti igi gbígbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè kún àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Kì í ta okùn sí igun ilé kó jókòó máa retí ẹran; aáyán ló ń sáré lé lórí ògiri lóru. Nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó tò lọ láti Tóògéètì wọ ọ̀nà Ìdírokò, ẹ̀yìn páálí ni ibùgbé rẹ̀. Alágbàrù tó bá fa páálí ìsàlẹ̀ yọ mọ̀ pé ó lè fò yọ nígbàkigbà. Heteropoda venatoria ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Linnaeus ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1767, ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi ló sì gbé e kárí gbogbo ilẹ̀ olóoru láyé.

Bí ẹ bá rí abo rẹ̀ lásìkò tó yé ẹyin, ẹ wo abẹ́ àyà rẹ̀ dáadáa. Nǹkan funfun roboto kan wà níbẹ̀ tó pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. Àpò ẹyin nìyẹn. Okùn tó jáde lára òun fúnra rẹ̀ ló fi hun ún, ẹyin inú rẹ̀ sì lè tó 400. Ó ń gbé e kiri fún bí oṣù kan, kì í sì sábà jẹun ní gbogbo àsìkò náà. Fi ìgbálẹ̀ lé e, yóò sá, ṣùgbọ́n kò ní tètè ju àpò náà sílẹ̀.

Ìbátan èyí tó jìnnà díẹ̀ ni aláǹtakùn onírun, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní tarantula. Oríṣi rẹ̀ tó wà láyé lé ní 1,000. Ara rẹ̀ ki, irun bò ó látorí dé ìdí, eyín rẹ̀ méjèèjì sì kọjú sísàlẹ̀, òkè ló ti ń fi gún ẹran. Ti aláǹtakùn ara ògiri máa ń dojú kọ ara wọn ni. Ní Jámánì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń sìn ín nínú àpótí ike àti ti gíláàsì. Kì í ṣe fún jíjẹ o. Fún wíwò àti fún títà ni. Ẹni tó bá sì ti ń sìn ín pẹ́, ohun kan wà tí yóò máa ròyìn ṣáá: àpò ẹyin tó ṣòfò.

Ẹ má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni aláǹtakùn onírun ti ń wá. Ilẹ̀ wa ní tirẹ̀. Láti ọdún 1793 ni Fabricius, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ti ṣàpèjúwe Stromatopelma calceatum, tí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jẹ́ ilé rẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Pocock tó ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́mù ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣàpèjúwe ọ̀kan láti Nàìjíríà, ó sì fi orúkọ Hercules, akọni inú ìtàn àwọn Gíríìkì, sọ ọ́: Hysterocrates hercules. Èyí tí àwọn olùsìn mọ̀ dáadáa lóde òní ni Heteroscodra maculata. Àwọ̀ eérú ni, tótòtó dúdú sì wà káàkiri ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn ju ti iwájú lọ. Inú ihò igi àti abẹ́ èèpo igi ló ń gbé, eré rẹ̀ sì yá débi pé bí ojú bá ṣẹ́, ó ti kúrò níbi tó wà. Orúkọ Tógò ni wọ́n fi ń pè é lọ́jà, ṣùgbọ́n kò mọ ààlà. Ọ̀nà kan náà tó gba Ṣàngó-Ọ̀tà kọjá lọ sí Ìdírokò ló ń bá a lọ dé Kútọnu àti Lómè, igbó tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yìí ti wà kí kọ́sítọ́ọ̀mù tó dé.

Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàrin ti Amẹ́ríkà àti tiwa. Púpọ̀ nínú ti Amẹ́ríkà ní irun yíyúnni ní ìdí. Bí inú bá bí i, yóò fi ẹsẹ̀ gbọn irun náà sí ọ lójú. Tiwa kò ní irú irun bẹ́ẹ̀; bó bá rí i pé kò sí ibi sísá mọ́, bíbunijẹ ló kù. Oró Stromatopelma máa ń dun ènìyàn gan-an, iṣan ara a sì máa fà léraléra fún ọjọ́ mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbọ́ pé ó pa ẹnikẹ́ni. Orí ọ̀pẹ, ihò igi àti òrùlé koríko ni ibi tó fẹ́ràn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí adẹ́mu máa ki ọwọ́ bọ ìdí imọ̀ ọ̀pẹ láìwò ó.

Kí àpò ẹyin tó wà, akọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn tó bá bọ́ awọ ìkẹyìn, ó ti dàgbà nìyẹn, ayé rẹ̀ kò sì ní gùn mọ́. Yóò ta okùn díẹ̀ sílẹ̀, yóò da omi àtọ̀ sórí rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ fà á mu. Ìgbà náà ni yóò tó máa wá ilé abo kiri. Bó bá dé ẹnu ihò, kì í já wọlé. Ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kẹ́kẹ́kẹ́, yóò dákẹ́, yóò tún lù ú. Bí abo bá fẹ́, òun náà yóò lu tirẹ̀ dáhùn láti inú. Bí kò bá fẹ́, akọ tó bá ta kú síbẹ̀ lè di oúnjẹ.

Abo kì í lo àtọ̀ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àpò kékeré kan wà nínú ara rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ sí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù púpọ̀. Ibí gan-an ni òfò àkọ́kọ́ ti ń wáyé, kí ẹyin kankan tó dé. Bí abo bá bọ́ awọ kó tó yé, àpò inú yẹn yóò bá awọ jáde, gbogbo ohun tí akọ fi sílẹ̀ yóò sì lọ. Olùsìn á wá ní aláǹtakùn tuntun tó ń dán, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tún wá akọ míì.

Bó bá wá tó àkókò ẹyin, abo yóò dí ẹnu ihò rẹ̀ pa, yóò sì ta okùn nípọnnípọn sílẹ̀ bí ẹní. Orí rẹ̀ ni yóò yé ẹyin sí, yóò tún fi okùn bò ó, yóò sì ká etí rẹ̀ jọ títí tí yóò fi di odindi. Iye ẹyin inú rẹ̀ kò dọ́gba láàrin oríṣi sí oríṣi. Ó lè má ju ọgọ́rùn-ún lọ. Lasiodora parahybana ti ilẹ̀ Brazil sì ń yé ju 1,000 lọ. Àwọn kan ń gbé àpò náà mọ́ra, wọ́n sì ń yí i padà léraléra kí ẹyin ìsàlẹ̀ má bàa rún, kí wọ́n má sì lẹ̀ mọ́ra. Àwọn kan so ó mọ́ ara ilé wọn, wọ́n wá dúró tì í.

Lẹ́yìn èyí, olùsìn a máa yọjú wò ó láràárọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, yóò rí i pé kò sí àpò mọ́. Okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló kù nílẹ̀, ikùn ìyá sì ti kún sí i. Ó ti jẹ ẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ a sọ pé ìkà ni. Kì í ṣe ìkà. Bí ẹyin kò bá ní ọmọ nínú, oúnjẹ ni. Bí ilẹ̀ bá ń mì, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé nígbà gbogbo, tàbí tí ọwọ́ kan bá ń ṣí ìdérí lójoojúmọ́, ibẹ̀ kò ní ààbò, ìyá yóò sì gba agbára rẹ̀ padà sínú ara títí di ìgbà míì. Nínú gbogbo ohun tó ń mú kí ìyá jẹ ẹyin rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń yọjú wò ó wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù.

Àwọn òfò tó kù ń ti ọ̀dọ̀ omi àti afẹ́fẹ́ wá. Bí inú àpótí bá gbẹ jù, ẹyin a hun jọ. Bó bá tutù jù tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè wọlé, a bu. Eṣinṣin kan wà tó kéré gan-an, Megaselia scalaris, tó ń wá ohun tó ń rà kiri. Bó bá yé sínú àpò, ìdin rẹ̀ yóò jẹ gbogbo ẹyin tán láti inú láìsí ẹni tó mọ̀ níta.

Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ olùsìn máa ń gba àpò lọ́wọ́ ìyá lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́. Wọ́n á fi nǹkan bo ìyá mọ́lẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀mú gígùn fa àpò náà jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá fi sísọ́ọ̀sì kékeré ya etí rẹ̀, ohun mẹ́ta ni wọ́n lè bá nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹyin aláwọ̀ ìyeyè tó mọ́ tónítóní, tó ń yí gbirigbiri. Èyí ṣì nílò yíyí padà lójoojúmọ́. Èkejì ni ẹyin elẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ti yọ lára rẹ̀, ó funfun báláú, ó ń jà pàtìpàtì, ṣùgbọ́n kò lè rìn, kò sì lè jẹun. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ti di dúdú tó sì ń rùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣa ìyẹn kúrò kíákíá, torí ọ̀kan tó bàjẹ́ lè ba gbogbo ìyókù jẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ dán irú èyí wò ní Ọ̀tà kò níí wá ooru tì. Ooru wa tó fún wọn. Ọyẹ́ ni yóò bá a jà, torí ó ń gbẹ gbogbo ohun tó wà nílé. Jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìn ògiri àti tírélà tó ń mi ilẹ̀ kò níí jẹ́ kí ìyá fọkàn balẹ̀. Èyí tó léwu jù ni oògùn ẹ̀fọn tí aládùúgbò fín. Aláǹtakùn kì í ṣe kòkòrò ní ti ìpín àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò ń pa á bákan náà. Àwọn tó ń sin ìgbín ní agbègbè yìí mọ irú ìṣòro yìí dáadáa: ẹyin inú iyẹ̀pẹ̀ kò fẹ́ gbígbẹ, kò fẹ́ kí omi dúró lórí rẹ̀, kò sì fẹ́ ọwọ́ tó ń tú u wò.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kò sí ohun tí ẹranko yìí wúlò fún kò tíì gbọ́ ìtàn oró rẹ̀. Ní ọdún 2016, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde láti ilé ìwádìí David Julius ní San Francisco. Èròjà kan tí wọ́n rí nínú oró Heteroscodra maculata, tí wọ́n pè ní Hm1a, ni wọ́n fi dá irú iṣan kan mọ̀ tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ míì fi èròjà yìí kan náà dín gìrì kù lára eku tó ní irú wárápá líle kan tó ń mú ọmọdé. Julius gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2021 fún iṣẹ́ mìíràn lórí bí ara ṣe ń mọ ooru àti ìrora. Bẹ́ẹ̀, ohun tí a ń fi bàtà tẹ̀ pa nínú oko ló wà nídìí Hm1a.

Àwọn bàbá wa kì í fojú di aláǹtakùn. Wọ́n ní aláǹtakùn bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára. Àwọn Àṣáńtì fi í ṣe ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́, tí wọ́n ń pè ní Ananse. Lọ́dọ̀ tiwa, Ìjàpá ló gba ipò náà. Ìwé Jóòbù àti Súrà kọkàndínlọ́gbọ̀n nínú Kùránì fi ilé rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kò lè gbani. Síbẹ̀, àwọn àfáà ń ròyìn bó ṣe ta okùn dí ẹnu ihò òkè Sáúrù, nígbà tí Ànábì Muhammad àti Abú Bákárì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, okùn rẹ̀ àti ọgbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ìyá rẹ̀ tó dúró ti àpò ẹyin nínú òkùnkùn kò sí nínú ìtàn kankan, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣe iṣẹ́ tó le jù.

Ìyá inú àpótí tó jẹ àpò rẹ̀ ṣì ní àǹfààní míì. Bí kò bá tíì bọ́ awọ, àtọ̀ ṣì lè kù nínú ara rẹ̀, ó sì lè yé lẹ́ẹ̀kejì. Kí olùsìn fún un ní ìrẹ̀ tó pọ̀, kó bu omi sí i, kó pa ìdérí dé, kó sì kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ti inú igbó kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ya wá láti Èkó sí ilẹ̀ Àwórì yìí, katakátá sì ń hú ọ̀pẹ àti igi oníhò lọ láti Ọ̀tà títí dé Àtan. Bí igi bá wó, ìyá, àpò ẹyin àti ibi tí ì bá tún yé sí yóò bá a lọ. Bí onílẹ̀ bá fẹ́ ṣe é lóore, kó dá ìlà ọ̀pẹ mélòó kan sí ní ẹ̀yìn ọgbà ilé iṣẹ́ rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí wọ́n ro abẹ́ wọn kanlẹ̀.