Ìdì mẹ́ta nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà

Ẹ la ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sí méjì. Ẹ kò ní bá kóró nínú rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà, níbi tí àwọn fọ́nrán tó ń gbé àbùdá ìran, ìyẹn kúrómósóòmù, ti wà ní ìdì-ìdì. Ìdì méjì ni tiwa: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó náà ní méjì, fọ́nrán 22. Àgbagbà ní mẹ́ta, 33. Mẹ́ta kò ṣeé pín lọ́gbọọgba sí ọ̀nà méjì. Bí òdòdó bá fẹ́ ṣe kóró, ìpín náà á dàrú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ọmọ ìdí rẹ̀ là ń gbìn.

Àìní kóró yìí di ìṣòro lẹ́yìn 1986, nígbà tí àrùn Black Sigatoka, tó máa ń sun ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, wọ Nàìjíríà. Nínú oko IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn, ní Onne, lẹ́bàá Port Harcourt, àwọn onímọ̀ fọwọ́ bu ìyẹ̀fun òdòdó Calcutta 4, ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó tí àrùn náà kì í rí mú, sí òdòdó àgbagbà, kí ọmọ wọn lè dúró de àrùn náà. Òdòdó lẹ́yìn òdòdó, kò sí kóró. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyin àgbagbà á gbé ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ jáde láìpín. Ìdì kan láti ọ̀dọ̀ Calcutta 4 á kún un, ọmọ á di onídì mẹ́rin, fọ́nrán 44. Inú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí èyí tó dúró de àrùn náà. Iṣẹ́ yìí gba ẹ̀bùn King Baudouin ní 1994, ó sì tọ́ sí i gan-an.

Ewéko tí kò bá sọ ìdì rẹ̀ di púpọ̀ fúnra rẹ̀, èèyàn lè mú un ṣe é. Ní 1937, Blakeslee àti Avery ní Amẹ́ríkà fi hàn pé èròjà tí wọ́n ń pè ní colchicine ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti pín lẹ́yìn tí fọ́nrán rẹ̀ bá ti di ìlọ́po méjì. Àwọn tó ń gbin òdòdó fi ń wá òdòdó ńlá. Wọ́n lò ó fún Artemisia annua, ewé oògùn ibà: èròjà ìwòsàn inú rẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ewé tí wọ́n ń ká dín kù. Májèlé ni colchicine. Kí ẹnikẹ́ni má fi dánwò nílé.

Ní ti èmi, ní Abereke, létí òkun Ìlàjẹ, iyọ̀ inú ilẹ̀ ló ká mi lára. Ní 2013, àwọn onímọ̀ rí i pé Arabidopsis, ewéko kékeré inú yàrá ìwádìí, máa ń fara da iyọ̀ dáadáa nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ bá jẹ́ onídì mẹ́rin. Mo fẹ́ kí ẹnìkan gbé ìbéèrè yìí dé orí ẹ̀fọ́ tí àwọn ìyá wa ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀.