Koríko Oníke Lẹ́yìnkùlé: Ilẹ̀ Abẹ́ Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ní agbègbè wa, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ibẹ̀ ni odó wà, ibẹ̀ ni a ti ń sá èlùbọ́ tí a sì ti ń fọṣọ, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré lójú ìyá wọn. Nítorí náà, bí baálé bá ní òun fẹ́ tẹ́ koríko oníke síbẹ̀ láti máa fi gbá gọ́ọ̀fù, ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ni.

Eré gọ́ọ̀fù ń fẹ́ pápá tó gbòòrò, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ lè gba ẹ̀yìnkùlé. Níbi ìparí yìí, ẹni tí ń gbá a kò tún ní fi agbára gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Yóò rọra fi ọ̀pá tì í lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú títí yóò fi bọ́ sínú ihò. Ẹnu ihò náà kò ju ìǹṣì 4¼ lọ. Ilẹ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ti tó fún un.

Eré yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Èkó, ọdún 1938 ni wọ́n dá Ikoyi Club sílẹ̀, wọ́n sì ń gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀. Pápá gọ́ọ̀fù wà ní Ìlárá-Mọ̀kín pẹ̀lú, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó múlé gbè wá. Láyé àtijọ́, nígbà tí koríko tútù ṣòro láti tọ́jú lẹ́ẹ̀rùn, iyanrìn tí a fi epo pò ni ọ̀pọ̀ pápá ilẹ̀ wa ń lò yí ihò ká. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe koríko ni ó ń mú bọ́ọ̀lù yí dáadáa, bí kò ṣe ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Koríko oníke di olókìkí ní ọdún 1966, ní gbọ̀ngàn eré ńlá kan ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Òrùlé ni wọ́n fi bo gbọ̀ngàn náà. Nígbà tí wọ́n kun òrùlé yìí ní ọ̀dà kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa wọ àwọn eléré lójú, koríko tútù inú rẹ̀ kú, wọ́n sì fi ti oníke rọ́pò. Ibi tí òjò kì í ti í rọ̀ síni lórí ni wọ́n ti lò ó. Ẹ̀yìnkùlé tiwa, òjò ń rọ̀ sí i, oòrùn sì ń pa á. Ohun tó yẹ kí á rò nìyẹn kí á tó náwó.

Báwo ni a ó ṣe tẹ́ ẹ? Ẹ ro koríko ibẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ sì wa ilẹ̀ náà ní ìǹṣì 4. Ẹ jẹ́ kí ó dagun díẹ̀, bí ìǹṣì 1 tàbí 2 nínú ẹsẹ̀ bàtà 10, kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Èkìtì, nítorí náà ẹ má ṣe darí omi yín sí ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀ tàbí sí ẹnu kànga. Ẹ má sì ṣe tẹ́ koríko yìí bo ìdérí ihò ìdọ̀tí. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ ó fa gbogbo iṣẹ́ ya.

Lẹ́yìn èyí, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Fún ìwọ̀n tí mo sọ yẹn, yóò tó nǹkan bí bàrò 30. Ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dà díẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ lù ú kí ó le, kí ẹ tó da òmíràn, bí àwọn ìyá wa ti ń lu ilẹ̀ ilé láyé àtijọ́. Ìyẹ̀fun òkúta ni kí ẹ fi tẹ́ òkè rẹ̀. Ẹ ri ife ihò náà mọ́lẹ̀, kí òkúta wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà dúró. Ìgbà náà ni kí ẹ tó tẹ́ koríko, kí ẹ kan etí rẹ̀ níṣòó, kí ẹ sì gbá iyanrìn gbígbẹ wọ inú rẹ̀. Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò bá le, òjò ọdún kan péré yóò sọ ọ́ di gbágungbàgun.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi etí sí èyí. Bí oòrùn bá mú, ojú koríko yìí lè gbóná ju 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹsẹ̀ ọmọdé kò sì lè gbà á. Ẹ fi ọwọ́ kàn án kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ sáré lórí rẹ̀. Ike ni, iná ẹyọ kan láti inú ààrò lè yọ́ ọ. Bí ọmọ tàbí ewúrẹ́ bá tọ̀ sí i, omi púpọ̀ ni kí ẹ dà sí i kí ó lè ṣàn kọjá, nítorí ike kì í fa omi mu bí erùpẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ kò bá jẹ́ kí omi lọ, òórùn ibẹ̀ kò ní tán, ọkàn ẹni kò sì ní balẹ̀ láti kírun níbẹ̀.

Nítorí náà, baálé, ẹ bi ìyàwó yín léèrè kí ẹ tó ra ohunkóhun: níbo ni ó ti ń dáná, níbo ni ó ti ń sá èlùbọ́, níbo ni ó ti ń fọṣọ? Bí igun kan bá ṣẹ́kù tí kò dí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́, ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lu ilẹ̀ kan kí ó tẹ́jú, kí ẹ gbá a mọ́, kí ẹ gbẹ́ ihò sí i. Bọ́ọ̀lù yóò yí lórí rẹ̀, owó yín yóò sì wà lápò. Ẹ bá àwọn ọmọ yín gbá a nírọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi owó lé e o, nítorí eré tí a bá fi owó lé ti di tẹ́tẹ́.