Haruna Ìṣọ̀lá: Olórin àpàlà tó dá ilé-iṣẹ́ orin sílẹ̀

Ẹni tó bá ń gbé Ojú-Ọrẹ ní Ọ̀tà, tàbí tó ń gba ibẹ̀ kọjá láti Sango lọ sí Ìdí-Ìrókò, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ohun tí à ń pè ní ilé-iṣẹ́. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ́ lọ sẹ́nu géètì, tí tírélà ń kó ọjà jáde. Bí a bá bèèrè pé ta ló ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, orúkọ òyìnbó, ti ará Íńdíà tàbí ti oníṣòwò ńlá la ó kọ́kọ́ gbọ́. Kò sẹ́ni tí yóò dárúkọ olórin. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, olórin àpàlà kan dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1979. Olóògbé Alhaji Haruna Ìṣọ̀lá ni, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Gani Àgbà.

Àwọn àgbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ kò lè gbàgbé. Orí ìjókòó ló ti máa ń kọrin, láàárín àwọn onílù rẹ̀. Kò gba jìtá òyìnbó láyè nínú orin rẹ̀. Agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ti tó o. Òwe àti oríkì ló fi ń gbé orin náà dúró, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò kánjú.

Àwo kan, ẹ̀ẹ̀mejì

Ọdún 1919 ni wọ́n bí i. Ọdún 1948 ló gba àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní His Master's Voice, ìyẹn àwo alájá tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa. Orin Orímọlúṣì Adébóyè, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó, ló kọ síbẹ̀. Àwo náà kò tà. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ì bá ti padà sídìí iṣẹ́ mìíràn. Haruna kò padà. Ó ń ti òde kan bọ́ sí òde kejì, títí àwọn olówó ìlú fi ń wá a fún ìnáwó wọn. Nígbà tí Ọba Adébóyè wàjà, ó tún orin náà gbà sílẹ̀, ọ̀tẹ̀ yìí ni òkìkí rẹ̀ kàn.

Láti ìgbà náà lọ, kò sinmi mọ́. Ní 1971, àwo tó fi yin ẹgbẹ́ Òròkí ní Òṣogbo jáde lọ́dọ̀ Decca, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn àwo àpàlà tí òkìkí wọn kàn jù lọ. Ó kọrin dé Benin, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé àwọn ilẹ̀ òyìnbó mìíràn.

Ta ló ni orin?

Níbi tí Bàbá Gani Àgbà ti yàtọ̀ nìyí. Láyé ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló ni ẹ̀rọ, òun ló ni téèpù tí wọ́n gba orin sí, òun ló ń tẹ àwo, òun náà ló sì ń sọ iye tó tà. Ohùn nìkan ni olórin mú wá. Ohun tí wọ́n bá kà sí i lọ́wọ́ ni yóò gbà.

Ní 1969, Haruna àti I.K. Dàíró, ọ̀gá olórin jùjú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀. Àwọn olórin fúnra wọn ló ni ín, irú rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà rárá lásìkò náà. Ẹ wò ó bí alápàlà àti oníjùjú, tí àwọn èrò ìta rò pé wọ́n ń bára wọn díje, ṣe jókòó sídìí tábìlì kan náà nítorí ọ̀rọ̀ ohun-ìní.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Phonodisk dé sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láyé àtijọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò kọrin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí onílù kan bá ṣì í, gbogbo wọn ni yóò tún un ṣe. Pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun yìí, wọ́n lè tún agogo nìkan ṣe, kí wọ́n sì fi ohùn ọ̀gá sílẹ̀ bó ti wà. Àwọn olórin tí kì í ṣe alápàlà pàápàá ń wá síbẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ fi oyè MON dá a lọ́lá ní 1981. Ó jáde láyé ní 1983, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí Phonodisk bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tó kù fún wa

Lẹ́yìn rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì gba ipò àwo, àwọn tó ń ṣe ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì sì ń jẹ níbi tí wọn kò gbìn sí. Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà jáde ní 1988, wọ́n sì ti fi òfin tuntun ti 2022 rọ́pò rẹ̀. Òfin náà ya orin sọ́tọ̀ kúrò lára àwo. Orin tí ènìyàn fi ọpọlọ ara rẹ̀ kọ ní ààbò fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú àwo ní tirẹ̀ ní ààbò fún àádọ́ta ọdún. Ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè ni méjèèjì. Títí di ìparí 2053 ni ààbò fi wà lórí orin tí Haruna kọ, bí kò bá ti fọwọ́ síwèé gbé e fún ẹlòmíràn. Bàbá yìí kò dúró de òfin kó tó mọ̀ pé ẹni tó bá ni àwo ló ni ìdajì ọ̀rọ̀.

Àpàlà kò kú. Ọmọ rẹ̀, Musiliu Haruna Ìṣọ̀lá, gbé e dìde padà ní 2000 pẹ̀lú àwo Ṣóyòyò, tí tọmọdé tàgbà jó sí.

Lónìí, yàrá kan àti kọ̀ǹpútà kan ti tó láti gba orin sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ lọ́sàn-án ní Ọ̀tà ló ń kọrin lálẹ́. Kí ẹ̀yin òbí wọn sọ fún wọn pé kí wọ́n ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ níka, kí wọ́n sì bèèrè ẹni tí yóò ni àwo náà. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta, bẹ́ẹ̀ náà ni olórin tó gbójú lé ìṣirò ẹlòmíràn.