Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ṣé Ojú Lè Fi Àìsàn Ọpọlọ Hàn?

Bí Yorùbá bá fẹ́ kí ẹni méjì sọ òtítọ́ fún ara wọn, wọ́n á ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà." Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lójúkojú, nítorí ojú máa ń sọ ohun tí ẹnu kò sọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti ń bi ojú ní ìbéèrè kan tó le láti ọjọ́ pípẹ́: ṣé o lè sọ fún wa pé ẹni yìí ní schizophrenia?

Àìsàn ọpọlọ ni schizophrenia. (Ẹ ṣọ́ ohùn o! Ọpọlọ ló wà nínú orí. Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń fò kiri lẹ́yìn òjò.) Ẹni tó ní in lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó lè gbà pé àwọn kan ń ṣọ́ òun. Kì í ṣe pé ó di èèyàn méjì, bí àwọn fíìmù ṣe máa ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ẹnì kan nínú 300 ló ní in. Yorùbá máa ń kó irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n ń pè ní wèrè, ṣùgbọ́n èébú ni wèrè, kì í ṣe orúkọ àìsàn kan.

Títí di òní, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fìdí àìsàn yìí múlẹ̀. Dókítà á béèrè ọ̀rọ̀, á gbọ́ èsì, á sì wo ìṣesí. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè 9 láti mọ̀ bóyá àìsàn kan náà ló wà níbi gbogbo. Ìbàdàn wà lára àwọn ibùdó náà, wọ́n sì ní láti túmọ̀ àwọn ìbéèrè wọn sí Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè yìí, ẹ rò ó wò. Báwo lẹ ó ṣe bi màmá àgbàlagbà kan bóyá wọ́n ń gbọ́ ohùn, tí wọn kò fi ní rò pé àlá tàbí àdúrà lẹ ń béèrè?

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wá àmì tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu. Ní ọdún 1908, ọdún kan náà tí Eugen Bleuler fún àìsàn yìí lórúkọ, Allen Diefendorf àti Raymond Dodge jábọ̀ pé ojú àwọn aláìsàn kan kì í tẹ̀ lé nǹkan tó ń lọ dáadáa. Ní 1973, Philip Holzman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dìde padà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀: ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn, kó máa fì í sọ́tùn-ún sósì. Ojú yín á máa bá a lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojú ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn náà máa ń rẹ̀yìn, á wá fò láti lé e bá. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé wọ́n rí i lójú àwọn ìbátan wọn kan tí kò ṣàìsàn rárá. Ó jọ pé nǹkan kan ń bá ìdílé rìn.

Ọ̀nà kejì ni rẹ́tínà, awọ fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn inú ẹyinjú. Láti inú oyún, ibi tí ọpọlọ ti ń dàgbà ni rẹ́tínà náà ti ń jáde wá, apá kan ọpọlọ sì ni. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní OCT máa ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bó ṣe nípọn tó. Bí ẹ bá ti lọ yẹ ojú wò ní Houston níbí, ẹ lè ti gbé àgbọ̀n yín lé e rí. Ìwádìí púpọ̀ ti rí i pé, lápapọ̀, rẹ́tínà àwọn tó ní schizophrenia máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń ba rẹ́tínà jẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn yìí sì ń mu sìgá, oògùn wọn sì lè mú kí wọ́n sanra. Èwo wá ni ojú ń sọ?

Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Aberdeen, ní Scotland, fi ojú àwọn aláìsàn wé ti àwọn tí ara wọn dá. Àyẹ̀wò wọn yà wọ́n sọ́tọ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 98 nínú 100. Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan lágbègbè Bissonnet, tí èèyàn 3,000 ń jọ́sìn níbẹ̀. Èèyàn bíi 10 ló máa ní àìsàn náà. Ó lè rí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nínú 2,990 tó kù, á ṣàṣìṣe lórí méjì nínú 100, ìyẹn bí 60. Nínú 70 tó bá tọ́ka sí, ara 60 dá ṣáṣá. Ẹ wo iye ìdílé tí kò ní sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Dókítà náà ń wo ojú, láìsí ẹ̀rọ kankan. Nílé ìwòsàn Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá aláìsàn ń wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó kàn wá. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í tẹjú mọ́ àgbà. Ilẹ̀ ló máa ń wò. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ ní Texas Medical Center lọ́la, tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó níwájú yín, tó ń dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tójú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀, ẹ bi ìyá rẹ̀ bóyá bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àwọn ló mọ̀ bóyá ojú ọmọ wọn ti yí padà.