Ta Ní Ń Dúró Ti Fáìlì Nígbà Tí Èrò Bá Ti Lọ?

Ní ọdún 2000, Eytan Adar àti Bernardo Huberman, onímọ̀ méjì ní ibùdó ìwádìí Xerox ní California, fi ojú ṣọ́ ohun tó ń lọ lórí Gnutella. Gnutella ni ọ̀nà kan tí àwọn ènìyàn fi ń mú orin àti fáìlì mìíràn tààrà láti inú kọ̀ǹpútà ara wọn nígbà náà, láìsí ọ̀gá láàárín. Ariwo tó gbòde ni pé kálukú á máa fún ọmọnìkejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì rí i pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lò ó ni kò gbé fáìlì kankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn bá sì wá nǹkan, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì èsì tó ń rí ló ń wá láti ọ̀dọ̀ ìdá kan ṣoṣo nínú ọgọ́rùn-ún.

Bram Cohen, ọmọ New York tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ó ti ṣiṣẹ́ rí lórí MojoNation, ètò kan tó fẹ́ fi owó inú kọ̀ǹpútà yanjú rẹ̀: fúnni, kí o gbowó, gbà, kí o sanwó. Ní 2001 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó jókòó kọ BitTorrent, ó sì gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 2 July ọdún náà. Kò sí owó nínú tirẹ̀. Àáró ló gbé kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé ó gbọ́ orúkọ yẹn rí: ṣe díẹ̀ lóko mi, kí n ṣe díẹ̀ lóko rẹ.

Fáìlì ńlá ni ètò náà ń gé sí ègé kéékèèké, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 256 kílóbáìtì nígbà náà. Ẹni tó ní ègé kẹta á fún ẹni tó ní ìkẹsàn-án, ìyẹn náà á sì fún un padà. Ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà rẹ á wo àwọn tó ń fún ọ jù, àwọn náà ni yóò sì máa fún. Ní ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n-ọgbọ̀n, á dán àlejò kan wò, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́ òfo má bàa jókòó lásán. Ègé tó ṣọ̀wọ́n jù ni kálukú kọ́kọ́ ń wá. Èyí tí mo gbà pé ó lọ́gbọ́n jù lọ ni pé iye kan wà tí wọ́n ṣírò láti inú ègé kọ̀ọ̀kan, nínú fáìlì kékeré tí ènìyàn kọ́kọ́ ń gbà, tí wọ́n ń pè ní torrent. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ègé padà, iye náà kò ní bá a mu, kọ̀ǹpútà á sì dà á nù. Nítorí náà, kò pọn dandan kí o mọ ẹni tó ń fún ọ.

Ṣùgbọ́n àáró ní òpin. Bí oko rẹ bá ti tán, kí ló kù tí ń dè ọ́ mọ́ oko ẹlòmíràn? Ẹni tó ti gba gbogbo ègé kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ kó máa fúnni, ó di ohun tí wọ́n ń pè ní seed. Bó bá pa á, kò sí òfin tó mú un. Ìgbà tí èrò bá ya wọlé ni iṣẹ́ Cohen dùn jù, bíi ìgbà tí ètò kọ̀ǹpútà Red Hat Linux 9 jáde ní 2003. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lè ku ẹnì kan tó ní odindi. Bí ìyẹn bá ta kọ̀ǹpútà rẹ̀, àwọn tó kù á dúró sórí 98 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn ní ègé kan náà, gbogbo wọn ń wá ègé kan náà tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì jẹ́ ká dá ẹni tó pa á lẹ́bi jù. Lọ́dọ̀ wa tí a ń ra dátà, ohun tí o fúnni ń jẹ dátà gẹ́gẹ́ bí ohun tí o gbà.

Àwọn ẹgbẹ́ aládàáni kan, bíi What.CD, ẹgbẹ́ àwọn tó ń pín orin, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ló fi tipátipá yanjú rẹ̀. Wọ́n ń kọ iye tí o gbà àti iye tí o fúnni sílẹ̀. Bí èkejì bá kéré jù, wọ́n á tì ọ́ síta. Èyí dára, àfi pé ó ní ìjàngbọ̀n tirẹ̀: àwo orin àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè kò lè mú èrè wá fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ, orin tuntun sì ni gbogbo wọn ń dù. Àwọn ibòmíràn wá ń fún ènìyàn ní àmì ẹ̀yẹ nítorí pé ó dúró lásán, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó wá gbà á. Ṣùgbọ́n púpọ̀ jù lọ nínú ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń pín ni àwọn tó ni wọ́n kò yọ̀ǹda. Ní November 2016, wàhálà ọlọ́pàá Faransé fi òpin sí What.CD. Orin kò kúrò nílé àwọn tó ti gbà á. Àkọsílẹ̀ tó so wọ́n pọ̀ ló lọ.

Nígbà mìíràn, láìsí ipá, ẹnì kan á dúró ti fáìlì. Fíìmù ìṣẹ́jú 16 kan ń bẹ, *The Fanimatrix*, tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní New Zealand ṣe láti fi yẹ́ fíìmù *The Matrix* sí. Wọn kò lówó tí wọ́n lè fi gbé e sórí ẹ̀rọ ńlá, torrent ni wọ́n fi pín in ní September 2003. Torrent náà pé ogún ọdún ní 2023, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tó bá wọn ṣe é kò pa kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Kò sí bí gbogbo fáìlì ṣe lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní 2012, Internet Archive, ilé àkójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní San Francisco, ṣe torrent fún ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan nínú àkójọ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ tirẹ̀ sí ìdí wọn: bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó ń fúnni, ibẹ̀ ni ègé náà yóò ti wá. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè fún ọdún mẹ́wàá á ṣì pé. Iléeṣẹ́ tí kì í wá èrè sì ni. Owó ìtọrẹ wà lára ohun tí wọ́n fi ń sanwó iná.