Bátìrì Ọkọ̀ àti Ẹ̀rọ Àfọwọ́ṣe Tí Ń Ṣáàjì Rẹ̀

Ní Creek Road, ní agbègbè Apapa àti Ajẹgúnlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí èbúté kì í wọ́n. Kí ètò ìpè ọkọ̀ tí a ń pè ní Eto tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ a máa tò sójú títì Apapa fún ọjọ́ púpọ̀. Ọkọ̀ tí ó bá dúró pẹ́, tí awakọ̀ rẹ̀ sì ń tan iná, kì í pẹ́ tí bátìrì rẹ̀ fi ń kú. Nígbà náà ni a ń wá ẹni tí yóò ṣáàjì rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ yìí mìíràn a máa fi ọwọ́ ara wọn to ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí bátìrì yó. Ẹni tí ń lò ó ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó wà nínú bátìrì

Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe irú bátìrì yìí ní ọdún 1859. Ilé mẹ́fà ni bátìrì ọkọ̀ ní. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan ni awẹ́ òjé wà tí ó rì sínú omi ásíìdì, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń mú bí volt 2 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ ni volt 12. Bí a bá ń lo bátìrì, ásíìdì a máa wọ inú òjé. Bí a bá ń ṣáàjì rẹ̀, ásíìdì a padà sínú omi.

Bí a ti ń to ẹ̀rọ náà

Tiransifọ́mà ni yóò sọ iná ilé, volt 230, di nǹkan bíi volt 15. Dáyóòdù mẹ́rin, tí a dè mọ́ irin alumíníọ̀mù kí ooru wọn lè tú ká, ni yóò sọ iná tí ń lọ tí ń bọ̀ di èyí tí ń lọ sí apá kan ṣoṣo. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé àti ọ̀nà tí ó ń gbà jáde. Kí mítà wà pẹ̀lú tí yóò fi iye ampere hàn. Bí àpótí rẹ̀ bá jẹ́ irin, kí a fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀, kí iná má baà gbé ènìyàn.

Bí a ti ń lò ó

Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí a gbé bátìrì sí, kì í ṣe yàrá tí ènìyàn ń sùn sí. Bí ó bá ní ìdérí, kí a ṣí i wò. Bí omi kò bá bo òjé, omi dísítílì nìkan ni kí a bù sí i, kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe ásíìdì. Ọkọ̀ ńlá tí ń lo volt 24 ní bátìrì méjì. Kí a tú wọn sọ́tọ̀, kí a ṣáàjì wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí a so wáyà àmì ìròpọ̀ mọ́ orí àmì ìròpọ̀, kí a so ti ìyọkúrò mọ́ ti ìyọkúrò, kí a tó tan iná. Bí a bá parí, kí a pa iná kí a tó tú wáyà. Ìdí rẹ̀ ni pé bátìrì tí ń gba iná a máa tú gáàsì háídírójìn jáde. Bí iná bá ta pàrà lẹ́bàá rẹ̀, bátìrì lè bú gbàmù, kí ásíìdì sì fọ́ ojú ènìyàn. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ mu sìgá níbẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ìwọ̀n: bátìrì tí a kọ 75 Ah sí lára, kí ó gba ampere 7.5. Kí a máa wọn ọ́n lóòrèkóòrè. Bí ó bá dé volt 14.4, kí a dá ẹ̀rọ dúró. Bí a bá fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀, omi rẹ̀ yóò hó gbẹ, òjé yóò sì bàjẹ́. Bátìrì tí ó yó, tí ó sì ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, yóò fi volt 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ hàn.

Bí iṣẹ́ kò bá lọ déédéé

Kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó rọrùn. Bí ẹ̀rọ kò bá dún rárá, kí a yẹ iná ilé, wáyà àti fíúsì wò. Bí tiransifọ́mà bá ń kùn ṣùgbọ́n tí mítà kò mira, ó lè jẹ́ pé ìpẹtà funfun ti bo orí bátìrì. Kí a pa iná, kí a sì fọ̀ ọ́. Bí fíúsì bá ń jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ti so wáyà òdì, tàbí dáyóòdù kan ti jó. Bí bátìrì bá gbóná kọjá fífọwọ́kàn, kí a dá iṣẹ́ dúró. Bí a ti ṣáàjì tó, tí ó bá dúró sí volt 10.5, ilé kan ti kú nínú rẹ̀. Owó iná ni a ń fi ṣòfò.

Bátìrì tí ó ti kú

Bí ásíìdì bá kan ojú tàbí ara, kí a fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ẹnikẹ́ni má fọ́ bátìrì tàbí yọ́ òjé rẹ̀ nítòsí ilé, nítorí májèlé ni òjé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dákà ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí a ti ń yọ òjé lára bátìrì àlòkù, ọmọdé 18 ni ó kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008. Odindi ni kí a gbé bátìrì tí ó ti kú padà fún ẹni tí ń tà á. Iṣẹ́ yìí ń bọ́ ilé. Ẹni tí ó bá ń ṣe é kí ó má ṣe jẹ́ kí ó pa ará ilé.