Ẹja àrọ̀: Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ bímọ

Nínú òwò tí èèyàn lè fi ẹ̀yìnkùlé ṣe ní Baruwa, Alimosho, pípa ọmọ ẹja àrọ̀ kì í gba ààyè púpọ̀. Tánńkì díẹ̀, omi tó mọ́, akọ àti abo, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yìí ló ń fa àdánù tí ọ̀pọ̀ kì í tètè rí.

Abo ẹja kan lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Akọ ní tirẹ̀, pípa ni wọ́n sábà máa ń pa á kí wọ́n tó rí àtọ̀ rẹ̀ gbà. Kí ìnáwó lè dín kù, àwọn kan á fi akọ kan ṣoṣo ṣe abo púpọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣa àwọn ọmọ tó yára dàgbà, tí wọ́n ń pè ní ṣútà, sọ́tọ̀ láti fi ṣe ìyá àti bàbá. Ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wọn!

Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran, àwọn ọmọ á máa kú, wọn ò sì ní dàgbà bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ń jẹun, oúnjẹ ló sì ń gba owó jù nínú òwò ẹja.

Ẹ wo ìṣirò àwọn onímọ̀. Bí akọ bá jẹ́ 1, tí abo jẹ́ 9, ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìbátan á fi bí ìdá 14 nínú 100 lé sí i ní ìran kan. Bí akọ bá jẹ́ 5, tí abo náà jẹ́ 5, ìdá 5 péré ni. Ẹja 10 ni méjèèjì! Kó má baà ju ìdá 1 lọ, ó kéré tán, akọ 25 àti abo 25 ni.

Ta ló lágbára ìyẹn? Ọ̀nà àbáyọ ni pàṣípààrọ̀. Bí àwọn ọgbà ẹranko lókè òkun ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n ń kọ ìran ẹranko kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n sì ń yá ara wọn ní akọ. Ẹni tó wà ní Baruwa lè gba akọ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Igando tàbí Ikotun. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí onítọ̀hún ti ra tirẹ̀, torí bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì ti rà á, ìbátan náà ṣì ni.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pa ọmọ, akọ àti abo tí ẹ lò, sínú ìwé. Owó ìwé kan kò tó ti àpò oúnjẹ ẹja kan.